Fóònù, Ariwo àti Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn: Ohun Tó Ń Fa Aáwọ̀ Láàárín Òṣèré àti Òǹwòran ní Broadway

Ní oṣù Keje ọdún 2015, ní tíátà Booth ní New York, àwọn òǹwòran ti ń jókòó, eré kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá dìde. Ó gun orí ìtàgé lọ wẹ́rẹ́, ó sì ki ṣájà fóònù rẹ̀ bọ ihò iná kan tó rí lára ògiri. Ihò iná ẹ̀tàn ni. Àwọn tó kọ́ ilé orí ìtàgé ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ kó lè jọ ilé gidi. Bó bá fi ṣájà náà síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, fóònù rẹ̀ ò ní í jí. Àwọn òṣìṣẹ́ dá orin tó ń lọ dúró, wọ́n yọ wáyà kúrò, wọ́n sì kéde fún gbogbo ilé pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tún dán irú rẹ̀ wò. Hand to God ni orúkọ eré náà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Lincoln Center, Patti LuPone, àgbà òṣèré tí gbogbo wọn mọ̀ pé kì í gba gbẹ̀rẹ́, rí obìnrin kan tó ń tẹ fóònù ṣáá. Ipa tó ń kó gbé e sún mọ́ àwọn òǹwòran, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ bó ṣe ń jáde lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ onífóònù, ó rọra já a gbà, ó sì gbé e wọ ẹ̀yìn lọ. Ìgbà tí eré parí ni wọ́n tó dá a padà fún un.

A lè fi méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ẹ̀rín. Kò sí sáà kan tí ìjà tuntun kì í ṣẹlẹ̀: wọ́n lé ẹnì kan jáde, òṣèré kan dá eré dúró, òmíràn sọ pé òun ò ní gba ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde mọ́ nítorí àwọn olólùfẹ́ tó máa ń dúró de òṣèré níbẹ̀. Àwọn kan ní ìwà ọmọlúàbí ti tán láyé. Àwọn mìíràn ní ìgbéraga àwọn olówó ni wọ́n ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Lójú tèmi, ohun méjì tí kò jọra ni wọ́n ń dì sínú àpò kan náà, ìdí sì nìyẹn tí ìjà náà kì í fi í parí. Ohun kan wà tí òǹwòran ń ṣe tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ òṣèré. Òmíràn sì wà tí kò ju pé kò bá àṣà ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mu.

Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ á rò pé òpópónà kan ṣoṣo ni Broadway. Òpópónà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ eré, gbọ̀ngàn 41 ni orúkọ náà dúró fún. Kò sí èyí tí ìjókòó rẹ̀ kéré sí 500 nínú wọn, àdúgbò tó yí Times Square ká ni ọ̀pọ̀ wọn wà, díẹ̀ péré ló sì wà lórí òpópónà Broadway gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni òṣèré ń ṣe eré kan náà lọ́sẹ̀. Ní sáà 2024 sí 2025, èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.7 ló wọlé wòran, owó tó wọlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 1.9 dọ́là.

Owó yìí wà lára ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí Denzel Washington ṣe Othello níbẹ̀ ní 2025, ọ̀pọ̀ ìjókòó iwájú ń lọ ní dọ́là 921. Eré olórin kì í sábà wọ́n tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ bàbá àti ìyá tó bá kó ọmọ méjì lọ wo The Lion King máa mọ̀ ọ́n lápò. Ẹni tó ná irú owó yẹn kò fẹ́ kí iná fóònù ẹnikẹ́ni tàn sí òun lójú, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wú. Ẹni tó wà lórí àga kejì náà ná iye kan náà, òun sì rò pé pẹ̀lú iye tóun san, òun lè kọrin, òun lè ya fídíò, òun sì lè mu ọtí. Ta ló ta ọtí fún un? Tíátà náà ni. Wọ́n á bu wáìnì sínú ife ńlá onídèérí, wọ́n á ta ṣokoléètì inú ọ̀rá tó ń pariwo, wọ́n á ní kó gbé gbogbo rẹ̀ wọlé, tí eré bá wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí gan-an, kì í ṣe ohun àbáláyé, kódà lọ́dọ̀ àwọn fúnra wọn. Ní New York ìgbà àtijọ́, iná gbọ̀ngàn kì í kú nígbà tí eré bá ń lọ, ojú òǹwòran ń rí ojú òǹwòran. Àwọn tó wà lókè pátápátá níbi tí owó rẹ̀ kéré jù máa ń pariwo, wọ́n á ní kí olórin tún orin kọ, wọ́n á sì sọ ẹyin tàbí èso jíjẹrà lu ẹni tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, ọdún 1849 ní Astor Place. Òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Charles Macready, ń ṣe Macbeth nínú ilé, àwọn tó ń gbè lẹ́yìn Edwin Forrest, ọmọ Amẹ́ríkà, kóra jọ síta, wọ́n ń sọ òkúta. Àwọn sójà yìnbọn. Ó kéré tán, èèyàn 22 ló kú. Nítorí ta ló mọ Shakespeare ṣe jù!

Nígbà tí iná mànàmáná dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná ìhà òǹwòran kí ojú gbogbo èèyàn lè wà níwájú, tí owó tíkẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ni ẹnu rọra pa mọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà àtayébáyé nínú tíátà kò tíì pé ọdún 200 rárá.

Àwa tí a mọ ìran wíwò nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí ẹgbẹ́ Hubert Ogunde, ti Dúró Ládípọ̀ tàbí ti Moses Ọláìyá bá gbé eré dé ìlú, ta ló ń dákẹ́? Àwọn òǹwòran á kìlọ̀ fún ọba pé ìyàwó tó fẹ́ gbé yẹn kì í ṣe èèyàn, wọ́n á ṣépè fún ọ̀dàlẹ̀, wọ́n á gbe orin lẹ́nu òṣèré. Òṣèré tó bá ṣe eré tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn máa mọ̀ pé nǹkan ti yíwọ́.

Irú rẹ̀ kan dé Broadway fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, Fela! bẹ̀rẹ̀ ní tíátà Eugene O'Neill, Bill T. Jones ló darí rẹ̀. Wọ́n sọ gbogbo gbọ̀ngàn náà di Shrine. Eré kì í tíì jìnnà tí ẹni tó ń ṣe Fela á fi ní kí gbogbo ilé dìde, á sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ìdí ka aago: ìdí sí aago méjìlá, ìdí sí aago mẹ́ta, ìdí sí aago mẹ́fà. Àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ funfun tó ti ń lọ sí tíátà láti kékeré, tí wọn ò dìde rí kí eré tó parí, wọ́n ń yí ìdí. Ẹ̀bùn Tony mẹ́ta, ẹ̀bùn tó ga jù ní Broadway, ni eré náà gbà ní 2010. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, wọ́n gbé e wá sí Èkó, ní Eko Hotel, níbi tí kò ti sẹ́ni tó nílò kí òṣèré ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ òun ní aago. Lillias White ló ṣe Fúnmiláyọ̀, ìyá Fela, ní Broadway, wọ́n sì yan orúkọ rẹ̀ fún Tony nítorí ipa náà. Ẹ fi orúkọ obìnrin yìí sọ́kàn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Lillias White yìí kan náà ń ṣe Hermes nínú Hadestown ní tíátà Walter Kerr. Láti orí ìtàgé, ó rí obìnrin kan tó gbé ohun kan tó ń tàn lọ́wọ́. Ó rò pé ó ń ya fídíò ni. Ó bá a wí níwájú gbogbo èèyàn, láìjáde nínú eré, ó sì tún bá a wí nígbà kejì. Fóònù kọ́ ni obìnrin náà gbé dání. Etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa, ẹ̀rọ tí tíátà fúnra rẹ̀ fún un ló gbé dání, èyí tó ń kọ ọ̀rọ̀ àti orin tí wọ́n ń kọ jáde kí irú rẹ̀ lè máa kà á. Àwọn tó gbé eré náà kalẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú àwọn kan yí padà sí òṣèré náà, wọ́n ń bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, títí àwọn mìíràn fi ní láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi arúgbó sílẹ̀.

Mo fẹ́ràn láti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé kò sí ẹni burúkú kan nínú rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni fóònù fi ń yọ àwọn òṣèré lẹ́nu, wọ́n ti di ẹni tí ejò bù jẹ tó ń sá fún ekòló. Ẹni tó wá jìyà rẹ̀ sì ni ẹni tí kò ṣẹ̀ rárá.

Ọdún méje ṣáájú ìyẹn, ní 2015, nǹkan tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní Lincoln Center níbi eré olórin The King and I. Ọmọkùnrin kan tó ní autism, ìyẹn ipò tí ọpọlọ ti ń gba ariwo àti ìmọ̀lára lọ́nà mìíràn, bá ìyá rẹ̀ wá ní ọ̀sán kan. Nígbà tí eré dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ na ẹrúbìnrin kan lẹ́gba, ọmọ náà figbe ta. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí ìyá rẹ̀ pé kó gbé e jáde. Ìyá ń gbìyànjú, ọmọ kò gbà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Kelvin Moon Loh, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré, kọ̀wé sórí Facebook. Kò bínú sí ọmọ náà rárá. Àwọn tó ń pariwo lé ìyá lórí ló bínú sí, ó béèrè pé ìgbà wo ni àwọn òṣèré àti òǹwòran ti di ẹni tó ka adùn eré sí ju àánú lọ. Lójú òṣèré náà, kí ọmọdé figbe ta nígbà tí wọ́n fẹ́ na èèyàn lẹ́gba kì í ṣe àṣìṣe. Láti 2011 ni ètò àkànṣe kan ti wà fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, The Lion King ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: iná kì í kú tán, ohùn kì í lọ sókè jù, ọmọ lè dìde kó rìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, ìdílé náà sì ní ẹ̀tọ́ láti wá ní ọjọ́ mìíràn bí gbogbo ayé.

Àwọn òǹwòran aláwọ̀ dúdú náà ní ẹjọ́ tiwọn láti rò. Dominique Morisseau, òǹkọ̀wé eré, kọ àròkọ kan ní 2015 nípa bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe máa ń bojú wẹ̀yìn wo irú òun nínú tíátà bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sókè. Nígbà tí wọ́n ṣe eré rẹ̀, Pipeline, ní 2017, ó fi ìwé pélébé kan sínú ìwé ètò, ó ní kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín kó dún, kí wọ́n fèsì bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019, Jeremy O. Harris lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: gbogbo ìjókòó 804 tó wà ní tíátà Golden, àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n pè wá jókòó síbẹ̀ fún eré rẹ̀, Slave Play, kí wọ́n lè wò ó láìsí ojú ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Nínú oṣù yẹn kan náà, Rihanna wá wo eré náà. Ó pẹ́ dé, ó sì ń fi fóònù ránṣẹ́ sí Harris fúnra rẹ̀ lójú eré. Àwọn kan bínú, Harris ní kò dun òun rárá.

Mo gbà pẹ̀lú Harris lórí ẹ̀rín, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìdáhùn. Lórí fóònù, mi ò gbà. Iná fóònù Rihanna kò dúdú ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ rí i, òṣèré tó wà lókè náà sì rí i, nítorí pé nínú òkùnkùn, láti orí ìtàgé, ojú tí fóònù tàn sí máa ń hàn bí òṣùpá.

New York ti ṣòfin nípa rẹ̀ rí. Ní 2003, ìgbìmọ̀ ìlú náà fi owó ìtanràn 50 dọ́là lé fóònù lílò nínú tíátà. Michael Bloomberg tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ó ní kò ní ṣeé mú ṣẹ, ìgbìmọ̀ ní àfi dandan. Bloomberg ló tọ̀nà. Ta ló fẹ́ pe ọlọ́pàá sáàárín orin? Òṣìṣẹ́ tó ń júwe ìjókòó ni gbogbo rẹ̀ já lé léjìká, òun náà sì nìyí: bó bá fẹ́ dá onífóònù kan lẹ́kun, àfi kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú àwọn mẹ́wàá tó jókòó ní ìlà náà, kó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìdààmú tó fi ń lé ìdààmú lọ ju èyí tó bá níbẹ̀ lọ.

Fídíò yíyà ló ń dun àwọn òṣèré jù, ó sì ní ìdí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Jesse Williams ń kópa nínú Take Me Out, eré tó ti ní láti bọ́ra sílẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù baseball. Tíátà náà ti ń ti fóònù gbogbo èèyàn mọ́nú àpò Yondr kí wọ́n tó wọlé. Síbẹ̀, ẹnì kan yà á, ìhòòhò ọkùnrin náà sì di ohun tí gbogbo ayé ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wá gbé kámẹ́rà tó ń ríran nínú òkùnkùn kọjú sí àwọn òǹwòran fúnra wọn. Ní 2024, nígbà tí Cabaret dé tíátà August Wilson, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń lẹ sítíkà mọ́ kámẹ́rà fóònù kálukú. Owó rẹ̀ kéré, ó sì jọ pé ó ń ṣiṣẹ́, nítorí ìtìjú ni: ẹni tó bá ṣí sítíkà ò lè sọ pé òun gbàgbé.

Ọjà ìkọ̀kọ̀ kan wà lẹ́yìn èyí. Àwọn olólùfẹ́ eré olórin máa ń gbé fídíò jíjí sórí YouTube, wọ́n á sì fún un ní orúkọ bíi pé ó ń kọ́ni bí a ṣe ń po slime, nǹkan yíyọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, kí ẹ̀rọ tó ń wá olè má bàa rí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó wà ní Ìbàdàn tàbí ní ìgbèríko Amẹ́ríkà mọ gbogbo orin inú eré tí kò ní rí lójú láéláé, ibẹ̀ ló ti rí i. Ó ṣòro fún mi láti bínú sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìkàwé ìlú New York ti ń ya fídíò àwọn eré pamọ́ láti 1970, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n inú ilé ìkàwé náà lo ti máa wò ó, o sì gbọ́dọ̀ ní ìdí ìwádìí. Àwọn kan ti wá ọgbọ́n sí i: nínú Six, eré olórin nípa ìyàwó mẹ́fà Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí eré bá parí tán, àwọn ayaba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á ní ó yá, ẹ mú fóònù yín jáde, orin àṣekẹ́yìn yìí ti yín ni. Fóònù dìde bí iná àjọ̀dún, gbogbo èèyàn gba fídíò tirẹ̀, wọ́n sì ń polówó eré náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Orin kíkọ bá òṣèré náà ti di ìjà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òǹwòran The Bodyguard gbé orin Whitney Houston tó kẹ́yìn lẹ́nu òṣèré, wọ́n ń pariwo rẹ̀ láìsí ohùn dídùn, wọ́n kọ̀ láti dákẹ́. Wọ́n dá eré dúró, kò sì parí lálẹ́ ọjọ́ náà, ọlọ́pàá ló kó àwọn kan jáde. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi orin tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe eré, tó sì fi polówó rẹ̀ bí àríyá alẹ́ Friday, kí ló rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Ti Lauren Boebert, aṣòfin Amẹ́ríkà, kò ní irú àwáwí yẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n lé e jáde níbi Beetlejuice ní Denver: ó ń fa sìgá oníná, ó ń ya fídíò, ó ń kọrin. Ó kọ́kọ́ jiyàn pé òun ò mu nǹkan kan. Kámẹ́rà inú gbọ̀ngàn náà fi hàn pé irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ẹ̀yìn ilé.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá. Ẹ̀gbẹ́ tíátà ni ilẹ̀kùn náà sábà máa ń wà, ilẹ̀kùn irin lásán, gílóòbù kékeré kan lókè rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Wọ́n ti fi irin ìdènà pa ọ̀nà tóóró sí pèpéle ẹsẹ̀ títì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti sáré jáde kí àtẹ́wọ́ tó parí kí wọ́n lè rí iwájú, èyí tí mo kà sí ìwọ̀sí sí òṣèré tí wọ́n ń sáré lọ dúró dè. Kálukú gbé Playbill, ìwé ètò ọ̀fẹ́ yẹn, dání pẹ̀lú máàkà Sharpie. Sìkiọ́ríítì ń sọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ lálaalẹ́: ẹ má ti ara yín, ìwé eré yìí nìkan ni wọ́n máa buwọ́ lù, ẹ ya fọ́tò láti ibi tí ẹ wà. Àwọn kan wà láàárín wọn tí kò wo eré náà rárá, wọ́n kó fọ́tò ńlá mẹ́wàá dání, wọ́n fẹ́ kí gbajúmọ̀ buwọ́ lu gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè lọ tà á. Sìkiọ́ríítì mọ̀ wọ́n lójú.

Àṣà yìí ti pẹ́, kò sì fi gbogbo ìgbà mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ọkùnrin olówó ló máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú òdòdó àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n ń dúró de àwọn ọmọge olórin. Òkìkí àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà inú Florodora, eré tó dé New York ní 1900, kàn dé ibi tí wọ́n fi ń sọ pé gbogbo wọn ló fẹ́ olówó. Ohun tí àwọn ọkùnrin yẹn rò ni pé owó tí wọ́n san níwájú ti ra nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìrònú yẹn kò tíì kú, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni.

Nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ kò mọ̀ ni pé kò sí ìwé àdéhùn iṣẹ́ òṣèré tó ní kó wá síbẹ̀. Ó ti kọrin fún wákàtí méjì àtààbọ̀, ó ti nu àtíkè ojú, ó fẹ́ bá ọkọ̀ ojú irin lọ sílé, ọ̀la ó tún máa kọ ọ́. Wíwá tó wá kí wọn, oore ni. Nígbà tí àrùn kòrónà ti Broadway pa ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹta, ọdún 2020, tí wọ́n sì ṣí i padà ní 2021, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kóra jọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́. Àwọn òṣèré kan wá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé àwọn lè jáde ní ibi iṣẹ́ kí àwọn sì lọ sílé bí èèyàn. Nígbà tí ìdènà náà kúrò, wọn ò padà sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń lé wọn ni ìwọ̀sí. Ìfẹ́ náà ń lé wọn. Nígbà ayé Dear Evan Hansen, eré tó dá lórí ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń pọ́n lójú àti òmíràn tó pa ara rẹ̀, àwọn ọmọdé máa ń dúró sínú òtútù kí wọ́n lè sọ fún òṣèré pé àwọn náà ti fẹ́ pa ara wọn rí. Kí ni òṣèré ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún fẹ́ sọ sí ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, pẹ̀lú máàkà lọ́wọ́, tí àádọ́ta mìíràn sì ń dúró? Ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin, kò kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ọpọlọ. Àwọn mìíràn á fọwọ́ kàn án láìtọrọ ààyè, wọ́n á pè é ní orúkọ ẹni tó ṣe nínú eré, wọ́n á bínú pé kò rẹ́rìn-ín tó. Àwọn tó mọ̀wé jù á bi í léèrè pé ìgbà wo ni ẹni tó ni ipa náà gan-an máa padà, nígbà tó jẹ́ pé arọ́pò ló dúró níwájú wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ gbogbo ipa náà láàárọ̀.

Ilẹ̀kùn yìí náà máa ń wúlò nígbà mìíràn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, Benedict Cumberbatch jáde sí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn Hamlet ní Barbican ní London. Kò bú wọn. Ó ní òun ń rí iná pupa kámẹ́rà láti orí ìtàgé, kò sì sí ohun tó ń tini lójú tó bẹ́ẹ̀, ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun sọ fún àwọn tó kù nítorí òun fúnra òun kì í lo ìkànnì kankan. Àwọn tó ń ya fídíò rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ ló gbé e káàkiri ayé.

Àwọn tó gbọ́n ju ìyẹn ti mú ìta wọnú eré. Ní 2015 àti 2016, Hamilton máa ń ṣe eré kékeré lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú tíátà Richard Rodgers fún àwọn tó ń dúró de tíkẹ́ẹ̀tì àfitẹ́tẹ́ mú. Ní 2024, Tom Francis máa ń jáde nínú tíátà St. James nínú Sunset Blvd., á máa rìn lójú títì 44th, á máa kọrin, kámẹ́rà á máa tẹ̀ lé e. Ní London, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2025, Rachel Zegler bọ́ sí fáránda Palladium lálaalẹ́ láti kọ orin tó gbajúmọ̀ jù nínú Evita fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Àwọn tó sanwó nínú ilé wá ń wo orin náà lójú amóhùnmáwòrán. Àwọn kan nínú wọn ráhùn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Bí ẹ̀yin bá délẹ̀ New York, tó wù yín láti dúró, ẹ má lọ ní ọ̀sán Ọjọ́rú tàbí Sátidé, torí eré méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe lọ́jọ́ yẹn, oorun ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá láàárín méjèèjì. Ní alẹ́, ẹ ò ní ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ níwájú ẹnikẹ́ni. Èdè wa ní ìkíni tó bá ibẹ̀ mu gan-an, ìkíni tí a ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí kì í béèrè nǹkan kan padà. Ẹ wá bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó sì máa kọ́kọ́ jáde kì í ṣe gbajúmọ̀. Ilẹ̀kùn á ṣí, ariwo á ta, fóònù ogójì á gòkè. Obìnrin kan á bọ́ síta, ó wọ kóòtù dúdú, ó gbé àpò fayolíìnì kọ́ èjìká. Abẹ́ ìtàgé ló ti ń lu gbogbo orin tí wọ́n ń sunkún sí láti aago mẹ́jọ. Fóònù á rọra sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan á yẹ̀ fún un, á tọrọ gáfárà láàárín irin ìdènà méjèèjì, á sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ.